Ọmọ Ajá Oṣù Mẹ́rin Kì Í Bá Ọ̀kadà Sáré

Ọkun o, ará ilé. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni ti ẹni wa ní Kabba. Ọmọ ajá Alsatian rẹ̀ pé oṣù 4, ó ń so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà láràárọ̀ lójú títì Ọbájànà, bí ìdajì wákàtí, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè le kó lè ṣọ́ ilé. Ní báyìí, ajá náà ń tiro tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ṣé kí òun dín eré náà kù sí ìṣẹ́jú 15?

Ẹ má dín in kù. Ẹ dá a dúró. Kì í rẹ ọ̀kadà, ajá tí okùn sì wà lọ́rùn rẹ̀ kò lè sọ pé ó ti tó. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe ní iye ìṣẹ́jú. Ọmọ ajá tó ń dá ṣeré nínú àgbàlá á sáré díẹ̀, á dúró, á máa fi imú wá ilẹ̀ kiri, á nà sílẹ̀, á tún fò dìde. Ara rẹ̀ ló ń sọ fún un ìgbà tó yẹ kó sinmi. Ká má tíì sọ ti àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì tó ń já bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Ti ìṣọ́lé tí ẹ sì mẹ́nu bà, gbígbó ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe eré sísá.

Létí egungun ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ ajá, ibì kan wà tó ṣì rọ̀ bí ṣóńṣó imú wa ṣe rọ̀. Ibẹ̀ ni egungun ti ń gùn sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ajá ilé wa, ó máa ń le tán kí wọ́n tó pé ọdún 1. Ti Alsatian lè kọjá bẹ́ẹ̀, ti Boerboel àti àwọn ajá ńláńlá mìíràn lè tó oṣù 18. Bí ibi rírọ̀ yìí bá fara pa kó tó le, egungun lè yà sápá kan tàbí kí ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ, ìsinmi kò sì ní tún un tò mọ́.

Ẹ ti lè gbọ́ òfin tí àwọn tó ń sin ajá máa ń sọ: ìṣẹ́jú 5 fún oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Oṣù 4 á jẹ́ ìṣẹ́jú 20 láàárọ̀, 20 nírọ̀lẹ́. Kò sí ìwádìí tó dúró ti nọ́ńbà yẹn, ṣùgbọ́n ó dára gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n fún rírìn pẹ̀lú okùn. Kò kan eré àgbàlá rárá, ẹ má sì torí rẹ̀ de ọmọ ajá mọ́lẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí àwọn ajá ńlá ní Norway, tó jáde ní 2012, fi hàn pé àwọn ọmọ ajá tó ń gun àtẹ̀gùn kí wọ́n tó pé oṣù 3 ni àrùn oríkèé ìbàdí pọ̀ sí lára, àwọn tó sì ń rìn fàlàlà níta láìsí okùn ló dín kù sí lára. Nítorí náà, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ má sì jẹ́ kó bẹ́ láti ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù. Lójú tèmi, bíbẹ́ kan ṣoṣo láti ibẹ̀ burú ju ìrìn wákàtí kan lọ. Ilẹ̀ táìlì tó ń yọ̀ náà kò dáa: ẹ tẹ́ ẹní àtijọ́ tàbí àpò ìrẹsì síbi tó máa ń gbà kọjá.

Fún ajá oṣù 4 yín tí ara rẹ̀ bá ti dá, ẹ mú un jáde láàárín aago 6 sí 7 àárọ̀, ní ọ̀nà oko tàbí orí koríko, ní ìṣísẹ̀ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa gbóòórùn. Gbígbóòórùn máa ń rẹ̀ ẹ́ ju rírìn lọ. Ọ̀sán, kó sùn: ọmọ ajá lè sun wákàtí 18 lójúmọ́, èyí tí kò bá sì sùn tó ló máa ń ya wèrè nírọ̀lẹ́, táá máa bu ẹsẹ̀ èèyàn jẹ, tí ẹ ó wá rò pé eré kò tó o. Lẹ́yìn aago 5 ààbọ̀ ẹ tún mú un jáde. Tó bá jẹun tán, ẹ dúró ó kéré tán wákàtí 1 kó tó sáré.

Láti oṣù Èrèlé sí Igbe, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ilẹ̀, pàápàá àwọn àpáta wa tó ń mú ooru pa mọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bí ẹ kò bá lè fara dà á fún ìṣẹ́jú àáyá 7, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá kò lè gbà á. Bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ tí kò dáwọ́ dúró, tí itọ́ rẹ̀ ń yọ̀, tí erìgì rẹ̀ pọ́n, tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gba ọ̀dọ̀ dókítà ẹran lọ. Ẹ má fi agbára da omi sí i lẹ́nu.

Kí ẹ tó mú un lọ sí ọjà tàbí ibi tí ajá tí kò ní olówó ń yàgbẹ́ sí, abẹ́rẹ́ parvo rẹ̀, ìyẹn àrùn ìfun tó ń pa ọmọ ajá, gbọ́dọ̀ pé. Èyí tó kẹ́yìn máa ń bọ́ sí bí ọ̀sẹ̀ 16, kẹ́ ẹ sì dúró fún ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 lẹ́yìn rẹ̀. Parvo máa ń wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ti dìgbòlugi máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 3. Lọ́nà oko, ẹ fi okùn sí i lọ́rùn nítorí tàkúté. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ wo abẹ́ etí àti àárín ìka fún eégbọn.

Ní ti títiro yẹn, kó má sáré, kó má fò, kí okùn sì wà lọ́rùn rẹ̀ tó bá ń jáde lọ tọ̀. Bó bá kọjá ọjọ́ 2, tàbí tí oríkèé bá wú tó sì gbóná, dókítà ẹran ni. Títiro tó ń ti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn wọ́pọ̀ lára Alsatian láti oṣù 5, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ló yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fún un ní ibuprofen tàbí diclofenac tiyín: wọ́n máa ń dá egbò sí inú ajá, wọ́n sì máa ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Ẹ wo oúnjẹ rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ nìkan, tàbí ẹran láìsí egungun kankan, máa ń jẹ́ kí ọwọ́ iwájú tẹ̀, ẹ ó sì máa bá eré jà nígbà tí oúnjẹ ló jẹ̀bi. Bó bá sì jẹ́ oúnjẹ ọmọ ajá inú àpò ló ń jẹ, ẹ má tún da oògùn kálísíọ̀mù sí i. Àpọ̀jù rẹ̀ ń ba egungun ajá ńlá jẹ́.

Tí kò bá tiro mọ́ fún ọ̀sẹ̀ 1, ìṣẹ́jú 5 lẹ́ẹ̀mejì ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú 2 kún un ní gbogbo ọjọ́ kẹta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ wo ìṣísẹ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá le gbagidi, ẹ padà sí iye ti tẹ́lẹ̀.