Ìrù àgbọ̀nrín lára fìlà: kí ni wọ́n ń pè ní Bucktail nínú òṣèlú New York?

Ìbéèrè tó wọlé ni pé: "Mo ń ka ìtàn ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, mo wá rí i pé ní nǹkan bí ọdún 1820, wọ́n ń pe àwọn aṣòfin kan ní Bucktail, ìyẹn ìrù akọ àgbọ̀nrín. Ṣé èébú ni àbí oyè? Kí ni ìrù ẹranko ń wá nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin?"

Ìrù gidi ni. Àwọn ọkùnrin náà máa ń fi ìrù àgbọ̀nrín há ara fìlà wọn bí wọ́n bá ń lọ síbi ìpàdé tàbí àjọ̀dún ẹgbẹ́, kí ẹni tó bá rí wọn lókèèrè ti mọ ẹ̀yìn ẹni tí wọ́n wà. Orúkọ náà mọ́ wọn lára, àwọn fúnra wọn sì ń jẹ́ ẹ, bí àwọn bàbá wa ṣe ń pe ọmọ ẹgbẹ́ Action Group ní Ọlọ́pẹ nítorí igi ọ̀pẹ tó jẹ́ àmì wọn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìtumọ̀ rẹ̀ fi kọjá fìlà. Nígbà tó fi máa di 1824, bí wọ́n bá pe aṣòfin kan ní Bucktail, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ibi tí ẹgbẹ́ bá fẹnu kò sí ni yóò dìbò sí, ì báà wù ú, ì báà má wù ú. Ìtumọ̀ kejì yìí ló wúwo jù lójú tèmi, ibẹ̀ ni n óò sì ti pẹ́.

Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Tammany ni ìrù náà ti wá. Ìlú New York ni ẹgbẹ́ ọ̀hún wà, wọ́n sì ti dá a sílẹ̀ kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí. Orúkọ Tamanend, olóyè àwọn Lenape tí ìtàn ní ó bá William Penn dá májẹ̀mú àlàáfíà, ni wọ́n mú. Sachem ni wọ́n ń pe àwọn olórí ẹgbẹ́, bí àwọn ọmọ onílẹ̀ ṣe ń pe olóyè wọn. Wigwam ni wọ́n ń pe gbọ̀ngán ìpàdé. Ìrù àgbọ̀nrín wà lára ọ̀ṣọ́ yìí. Òyìnbó sì ni gbogbo wọn. N kì í lè sọ ìtàn yìí kí inú mi má bàjẹ́, nítorí lákòókò tí wọ́n ń fi orúkọ àti ọ̀ṣọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ ṣe fáàrí, ìjọba ìpínlẹ̀ yẹn kan náà ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Oneida, àdéhùn kan lẹ́yìn òmíràn, ní owó táṣẹ́rẹ́. Ọ̀ṣọ́ wọn ni wọ́n fẹ́, wọn kò fẹ́ àwọn tó ni ín.

Ó wá ku bí ìrù ṣe kúrò níbi àjọ̀dún tó sì dé ilé aṣòfin ní Albany, tó jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ náà. Lẹ́yìn ogun tí Amẹ́ríkà bá Gẹ̀ẹ́sì jà láti 1812 sí 1815, ẹgbẹ́ Federalist ti rẹ̀yìn pátápátá. Ẹgbẹ́ Republican ìgbà náà, tí kì í ṣe èyí tó ń jẹ́ orúkọ yẹn lónìí, ló gba gbogbo ìgboro. Nígbà tí kò sí ọ̀tá tó lágbára níta mọ́, inú ilé ló gbiná. Orí ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń jà lé: DeWitt Clinton. George Clinton, gómìnà àkọ́kọ́ New York, ni arákùnrin bàbá rẹ̀. Òun náà ti ṣe mẹ́yọ̀ ìlú New York fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀mọ̀wé ni, ọpọlọ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ó nígbèéraga, ẹni tí kò bá tó o kì í lè gbà á nímọ̀ràn. Ní 1812, ó dìde bá James Madison, ààrẹ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an, du ipò ààrẹ, àwọn Federalist sì tì í lẹ́yìn. Ó fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n Tammany kò gbàgbé. Ẹni tó bá ọ̀tá jẹun nígbà ìbò, wọn kò kà á sí ọmọ ilé mọ́.

Nígbà tí Daniel Tompkins fi ipò gómìnà sílẹ̀ ní 1817 láti lọ ṣe igbákejì ààrẹ, Clinton ló wọlé. Ó gbàjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, ọjọ́ 4 oṣù yẹn kan náà ni wọ́n sì fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ní ìlú Rome láti bẹ̀rẹ̀ kánààlì Erie, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ní máìlì 363 láti Albany dé Buffalo. Àwọn tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ń pè é ní kòtò Clinton. Láti ìgbà yìí ni orúkọ méjì ti ń dún ní Albany: àwọn ènìyàn Clinton, àti àwọn Bucktail. Àwọn kan máa ń sọ pé orí kánààlì ni ìjà náà dá lé. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù Kẹrin 1817, Martin Van Buren, tó wá di ọ̀gá àgbà àwọn Bucktail, dìde nílé sẹ́nétì, ó gbèjà òfin kánààlì, ó sì dìbò fún un. Ìwà Clinton ni wọ́n ń bá jà, àti ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa pín iṣẹ́ ìjọba.

Ọ̀rọ̀ pínpín iṣẹ́ yìí ni kókó. Ìwé òfin New York ti ọdún 1777 dá Ìgbìmọ̀ Ìyansípò sílẹ̀. Lọ́dọọdún, ilé kékeré máa ń yan sẹ́nétọ̀ mẹ́rin, ọ̀kan láti ẹkùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bá gómìnà jókòó. Gómìnà ni alága, ṣùgbọ́n bí sẹ́nétọ̀ mẹ́ta bá ti pa ohùn pọ̀, kò sí ohun tó lè rí ṣe. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún yìí ló ń yan mẹ́yọ̀, ṣẹ́ríìfù, akọ̀wé káńtì, adájọ́ kékeré àti ọ̀gágun àwọn ológun ìpínlẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1821, ipò tó wà níkàáwọ́ wọn tó nǹkan bí 15,000. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àgbẹ̀ kan lábúlé tí àbúrò rẹ̀ ń ṣe adájọ́ kékeré: bí ilé kékeré bá yí sọ́wọ́ òdìkejì, iṣẹ́ àbúrò lè lọ lọ́dún yẹn kan náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi gbogbo ara du ìjókòó kan ṣoṣo.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1816, ọdún kan kí orúkọ Bucktail tó gbilẹ̀. Ní káńtì Ontario, Henry Fellows, ọmọ ẹgbẹ́ Federalist, ló ní ìbò tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ní ìlú kan, àwọn olùdìbò kọ "Hen. Fellows" sórí ìwé ìbò wọn, akọ̀wé káńtì sì sọ pé Hen kì í ṣe Henry. Ó yọ àwọn ìbò wọ̀nyẹn kúrò, ó sì fún Peter Allen, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, ní ìwé ẹ̀rí. Ẹgbẹ́ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nílé lọ́dún yẹn. Fellows mú ẹjọ́ rẹ̀ wá, kedere sì ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn Republican ní kí wọ́n kọ́kọ́ yan Ìgbìmọ̀ Ìyansípò ná. Allen jókòó, ó dìbò, ìgbìmọ̀ bọ́ sọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá gbà pé Hen àti Henry, ẹnì kan náà ni, wọ́n ní kí Allen dìde, wọ́n sì fi Fellows jókòó. Ìjókòó ọdún yẹn ni wọ́n fi orúkọ Peter Allen pè títí lọ. Ohun tó burú ni mo kà á sí, bó ti wù kí ọgbọ́n inú rẹ̀ pọ̀ tó.

Van Buren wà nílé sẹ́nétì lásìkò yẹn. Ọmọ Kinderhook ni. Bàbá rẹ̀ ń ta ọtí, ó sì ń gba àwọn arìnrìn-àjò sílé. Èdè Dutch ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Kò ní ìdílé ńlá lẹ́yìn bíi ti Clinton, ìdí sì nìyẹn tó fi gbà pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìlànà rẹ̀ kò le: kí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ kan náà ṣe ìpàdé abẹ́lé, kí wọ́n bá ara wọn jiyàn bó ti wù wọ́n, kí wọ́n dìbò, bí wọ́n bá ti jáde, ohùn kan ni. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1819, irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ fa William Thompson, ẹni àwọn Bucktail, kalẹ̀ fún olórí ilé kékeré. Obadiah German, ẹni Clinton, pàdánù. Nígbà tí wọ́n dénú ilé, àwọn ènìyàn Clinton kọ̀, wọ́n pa ìbò wọn pọ̀ mọ́ ti Federalist, German sì di olórí ilé. Lójú àwọn Bucktail, ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fi ìrù há fìlà ti búra pé òun kò ní ṣe irú rẹ̀.

Nínú oṣù Keje ọdún yẹn, Ìgbìmọ̀ Ìyansípò tó wà lọ́wọ́ Clinton yọ Van Buren nípò àgbà amòfin ìpínlẹ̀. Ní 1820, Clinton fi ìbò tí kò pé 1,500 borí Tompkins nínú ìdíje gómìnà, ṣùgbọ́n àwọn Bucktail ló gba ilé aṣòfin, ìgbìmọ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbá àwọn ènìyàn Clinton kúrò lẹ́nu iṣẹ́ káàkiri, wọ́n sì rán Van Buren lọ sí sẹ́nétì àpapọ̀ ní Washington. Àwọn tó ṣẹ́kù nílé, tí wọ́n ń darí ẹgbẹ́, ni àwọn ènìyàn wá ń pè ní Albany Regency. Ìwé ìròyìn Albany Argus ni ẹnu wọn.

Àpérò ìwé òfin jókòó ní Albany láti ìparí oṣù Kẹjọ sí oṣù Kọkànlá ọdún 1821. Àwọn Bucktail ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n pa Ìgbìmọ̀ Ìyansípò rẹ́, wọ́n sì sọ ìbò di ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin òyìnbó tí kò ní ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń yìn wọ́n títí débí yìí, wọ́n á sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ìwé òfin yẹn kan náà ló sọ pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kò gbọ́dọ̀ dìbò àfi bó bá ní ilẹ̀ tó tó 250 dọ́là. Àwọn dúdú tó ń dìbò tẹ́lẹ̀ máa ń bá àwọn Federalist lọ. Àwọn Bucktail mọ ìbò ẹni tí wọ́n ń gé kúrò. Odi yẹn kò wó títí di 1870. Ẹni tó bá ń sọ ìtumọ̀ ìrù àgbọ̀nrín tí kò sọ èyí, ìdajì ló sọ.

Ọdún 1824 ló fi hàn bí ìgbọràn ẹgbẹ́ ṣe lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Títí di ìgbà náà, àwọn aṣòfin ló ń yan àwọn tí yóò dìbò ààrẹ lórúkọ New York. Aráàlú ní kí wọ́n dá ẹ̀tọ́ náà padà fún àwọn, ilé kékeré sì gbà. Sẹ́nétọ̀ 17 ló dìbò láti sún ọ̀rọ̀ náà síwájú, nítorí ẹgbẹ́ fẹ́ fi ìbò ìpínlẹ̀ ti William Crawford, tó ń du ipò ààrẹ, lẹ́yìn. Inú ń bí aráàlú lọ́wọ́ nígbà tí ilé aṣòfin, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin tí wọ́n fẹ́ túká, yọ Clinton kúrò nínú ìgbìmọ̀ kánààlì. Kì í gbowó lórí iṣẹ́ náà. Kò tilẹ̀ sí nípò gómìnà mọ́. Ẹnikẹ́ni kò lè tọ́ka sí ẹ̀ṣẹ̀ kan tó ṣẹ̀. Wọ́n fẹ́ dójú tì í ni, kí àwọn alátakò wọn lè pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìpàdé ìbínú bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú lóríṣiríṣi. Ní oṣù Kọkànlá, Clinton padà di gómìnà pẹ̀lú ìbò tó fi ju 16,000 lọ, ọdún tó tẹ̀ lé e ló sì gun ọkọ̀ ojú omi láti Buffalo wá da omi adágún Erie sínú òkun ní New York.

Nítorí náà, sí ìbéèrè yín: orúkọ ẹgbẹ́ ni, àwọn tó ń jẹ́ ẹ kò tijú rẹ̀, lẹ́nu àwọn ọ̀tá wọn ló ti ń dún bí èébú. Lẹ́yìn tí Van Buren àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bá Andrew Jackson, tó ń du ipò ààrẹ, lọ ní 1828, orúkọ Democrat gba ipò rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, William Marcy, ló sọ ọ́ gbangba ní sẹ́nétì àpapọ̀ ní 1832 pé ẹni tó bá borí ló ni ìkógun ọ̀tá.

Bí ẹ bá tún rí Bucktail nínú ìtàn Pennsylvania, ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ni ìyẹn, tí wọ́n kó jọ ní 1861 nígbà ogun abẹ́lé. Àwọn náà fi ìrù àgbọ̀nrín há fìlà, ṣùgbọ́n láti fi hàn pé ìbọn wọn kì í tàsé ni.