Òdòdó Yẹ́lò Tó Wà Lórí Ilẹ̀ Yín: Ìyá Àgbẹ̀ Fèsì sí Lẹ́tà Yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Àgbẹ̀. Mo ra ilẹ̀ sí Mọ́níyà, òdòdó yẹ́lò sì ti bo gbogbo rẹ̀. Ìyàwó mi ní òdòdó ilẹ̀ wa ni, kí n má gé e. Ẹni tó ń bá mi ro ó ní koríko àjèjì ni, kí n ra kẹ́míkà kí òun fín in. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?
*Onílẹ̀ tuntun, Ìbàdàn*

Èsì: Ẹ kú oríire ilẹ̀ o. Ẹ má tíì ra kẹ́míkà. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì jàre, torí òdòdó yẹ́lò méjì ló wọ́pọ̀ lápá ibẹ̀ yẹn: yúnyun àti àgbálẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni yúnyun. Láti Mẹ́síkò àti àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé gbè é ni àgbálẹ̀ ti wá. Òun náà ni àwọn mìíràn ń pè ní jogbo.

Ẹ fi òdòdó sílẹ̀ ná, ewé ni kí ẹ wò. Ewé àgbálẹ̀ tó ti gbó máa ń là sọ́nà mẹ́ta tàbí márùn-ún bí ọwọ́ ọmọdé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì sábà máa ń yọ lára igi, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lókè rẹ̀ lápá òsì. Ewé yúnyun kì í là. Méjì-méjì ló ń kọjú síra wọn, iṣan mẹ́ta sì hàn gbangba lára ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àtàǹpàkò ra á: á ha yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti já yúnyun fún ehoro rí kò ní ṣì í mọ̀.

Àgbálẹ̀ máa ń ga ju ènìyàn lọ. Òdòdó rẹ̀ lè fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ọrùn òdòdó náà sì máa ń wú. Òun lẹ máa ń rí bó ṣe tàn rẹrẹ lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní oṣù Kẹwàá sí Ìkọkànlá. Òdòdó yúnyun kéré sí i dáadáa.

Tó bá jẹ́ yúnyun, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù sí etí ilẹ̀. Omi ewé rẹ̀ làwọn àgbà ń fún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Tó bá jẹ́ àgbálẹ̀, ẹ gé e kí òdòdó tó di èso, ṣùgbọ́n ẹ má jó o. Ewé rẹ̀ tètè ń jẹrà, ó sì ń fún ilẹ̀ lóunjẹ tí àgbàdo àti ẹ̀fọ́ nílò gan-an, nitrogen àti potassium. Ẹ da ewé àti ọ̀mùnú rẹ̀ sórí ebè. Igi rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́: bó bá wà lórí ilẹ̀ tútù, á tún ta gbòǹgbò. Ẹ sá a sóòrùn títí á fi gbẹ kanrangandan.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ kẹ́míkà ni pé kò mọ ọmọ ilẹ̀ yàtọ̀ sí àjèjì. Yánrin náà ń yọ òdòdó yẹ́lò, ebòlò sì lè wà nísàlẹ̀ wọn. Ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa ni méjèèjì, inú abọ́ nìkan lọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro sì ti mọ̀ wọ́n báyìí. Ebòlò yìí kan náà ti rìnrìn àjò débi tó ti di koríko tó ń dààmú àgbẹ̀ ní Éṣíà.

Bó bá ṣì rú yín lójú, ẹ gé ẹ̀ka kan tòun tewé tòdòdó, ẹ tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti gé e àti bó ṣe ga tó, kí ẹ sì mú un lọ sí FRIN, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí igbó, ní Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn. Àkójọ ewé gbígbẹ ńlá wà níbẹ̀ tí wọ́n lè fi wé e.

Ìbéèrè: Ọdọọdún ni mò ń jó ewé Akíntọ́lá, ọdọọdún ló ń hù. Ṣé òun náà ló ń kó tata wá sí oko ẹ̀gẹ́ mi?
*Àgbẹ̀ obìnrin, Ìkirè*

Èsì: Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ìyá mi. Iná kì í pa á. Ewé àti igi ló ń jó, kùkùté rẹ̀ ń bẹ nílẹ̀ tó ń retí òjò. Ìgbà tí ilẹ̀ bá rọ̀ ni kí ẹ fi ọkọ́ hú u tìdí-tìdí, kí oṣù Kejìlá tó dé tí á fi yọ òdòdó. Lẹ́yìn òdòdó yẹn, atẹ́gùn ọyẹ́ ló ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri. Àjèjì pátápátá ni, Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀. Ní 1937 ló wọ Nàìjíríà lápá Enugu, nínú irúgbìn igi mẹlínà tí wọ́n kó wá láti Ceylon, tó di Sri Lanka lónìí. Mo mọ̀ pé ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n yúnyun ti ń ṣe é kó tó dé.

Òótọ́ lẹ rí nípa tata. Tata dúdú òun yẹ́lò yẹn fẹ́ràn òdòdó rẹ̀, abẹ́ òjìji rẹ̀ ló sì ń yé sí nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣọ́ ibi tí wọ́n bá ń kóra jọ sí nílẹ̀ lóṣù Kẹta sí Ìkarùn-ún, ẹ ri igi mọ́bẹ̀, kí ẹ wá fi ọkọ́ tú u kí ẹyin wọn lè jáde sí oòrùn. Tó bá fi di oṣù Kọkànlá, ẹyin náà á ti pa, ọmọ tata á ti jáde.

Ìbéèrè: Òdòdó pupa tó ní yẹ́lò létí ń gun ọgbà wa, ṣóńṣó ewé rẹ̀ sì ń lọ́ mọ́ wáyà. Ṣé kí a hú u?
*Ìyá ọlọ́mọ, Abẹ́òkúta*

Èsì: Ewé ajé ni. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, mi ò sì mọ òdòdó tó rẹwà tó o nínú igbó wa. Ṣùgbọ́n májèlé ni látòkè délẹ̀, ìdí rẹ̀ ló sì burú jù, torí ó jọ iṣu kékeré. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ wà nílé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ hú u kúrò nínú ọgbà. Èyí tó bá wà nínú igbó, ẹ jẹ́ kó máa gbé ibẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi sẹ́nu, ẹ má dúró wò bóyá inú á run ún. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ewé tàbí ìdí rẹ̀ dání kí dókítà lè rí i.