Èsì: Ìyàwó mi máa ń jìnnà sẹ́yìn lórí òkè

Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ìyàwó yín máa ń jìnnà sẹ́yìn tẹ́ ẹ bá jọ ń sá eré ìje orí òkè. Ẹ jẹ́ kó wà níwájú tẹ́ ẹ bá ń gun òkè, torí tó bá wà lẹ́yìn á kàn máa lé yín ṣáá ni, kẹ́ ẹ tó dókè agbára ẹ̀ ti tán. Ẹ bá a gbé omi àti jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa rìn níbi tó bá ga gan-an, àwọn tó ń gbapò kìíní gan-an ń rìn ńbẹ̀ jàre.

Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ jìnnà síra díẹ̀ nítorí òkúta tó ń yí.

Àmọ́ eré ẹlẹ́ni méjì ni mò ń sọ o, irú OMM (Original Mountain Marathon), eré ìje orí òkè ti ìlú ọba tẹ́ ẹ máa fi ọjọ́ méjì sá pẹ̀lú téǹtì lẹ́yìn, tẹ́ ò sì gbọdọ̀ pínyà. Tó bá jẹ́ kálukú ló ni àkókò tiẹ̀, ẹ máa sáré yín lọ.