Báwo ni mùsíọ́ọ̀mù ṣe ń tọ́jú aṣọ ìbora àwọn Māori, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ New Zealand, tó ní àwọ̀ dúdú?

Pẹrẹsẹ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sínú àpótí tó ṣókùnkùn, wọn kì í fi kọ́. Bí wọ́n bá pàtẹ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kì í sábà ju 50 lux (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) lọ. Aró dúdú yẹn gan-an ló fà á. Omi èèpo igi ni wọ́n kọ́kọ́ ń rẹ muka, ìyẹn fọ́nrán ewé harakeke (ewéko kan ní New Zealand), sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi paru, ẹrẹ̀ tó ní èròjà irin, pa á láró. Àpapọ̀ méjèèjì ló ń jẹ fọ́nrán náà: ibi dúdú á máa rún bí ìyẹ̀fun nígbà tí ibi funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì yi. Èyí tó bá ti rún kò ṣe é dá padà. Aṣọ tó ṣì lágbára lè wà lára ère tí wọ́n fi ń pàtẹ aṣọ fúngbà díẹ̀. Nítorí àṣà Māori, wọn kì í gbé oúnjẹ súnmọ́ ọn.