Èsì: Hilux tàbí Benz 911 fún iṣẹ́ tówìn?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní èwo ni kí ẹ rà, píkọ́ọ̀pù Hilux tàbí lọ́rì Benz 911, láti máa fi fa ọkọ̀ tó bá kú sójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́, 911 ni. Hilux lè fa Corolla, àmọ́ tí ẹrù tó wúwo bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́, sitiárìn ò ní gbọ́ràn mọ́.

Ẹ wo ṣaàsí, ìyẹn irin abẹ́ ọkọ̀ tó gbé gbogbo ara rẹ̀ dúró, kí ẹ tó wo ẹ́ńjìnnì. Wẹ́dà lè ti jó o, kí wọ́n wá fi ọ̀dà bò ó. Ẹ fọwọ́ tọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ibi tó bá rí gbágungbàgun, ẹ ha á wò dáadáa.

Wáyà tí ẹ ó máa fi fa ọkọ̀ ni mo bẹ̀ yín sí jù. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ tú u sílẹ̀ pátá, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí fọ́nrán kan bá ti já, tó yọ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, ẹ pààrọ̀ wáyà náà. Tèmi já lọ́jọ́ kan, ó fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Ọlọ́run ló yọ ọmọ iṣẹ́ mi.

Ọkọ̀ oní-ọtomátíìkì ńkọ́? Ẹ gbé táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó fà á, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ jíà rẹ̀ á jó.