Èsì: Ìwádìí ìṣègùn wo ni ọmọ ọdún 15 lè ṣe nílé?

Ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ hu bakitéríà (àwọn kòkòrò àìfojúrí) nílé, ẹ má jẹ́ kó ṣe é. Èyí tó ń fa àìsàn lè hù níbẹ̀. Dípò ìyẹn, kó wádìí bí ọkàn ṣe ń lù. Kí ẹni tó fẹ́ yẹ̀ wò jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ọmọ náà wá fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín tẹ ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ lápá àtàǹpàkò. Kó má fi àtàǹpàkò tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́ o: òun náà ń lù, á da kíkà rú. Odindi ìṣẹ́jú kan ni kó fi ka iye ìgbà tí ọkàn lù. Ẹni tó ka ìṣẹ́jú àáyá 15 tó sì sọ ọ́ di ìlọ́po 4, àṣìṣe kan ti di 4 nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kó kà á lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bírò ni kó fi kọ ọ́, kó má sì pa iye tó ṣàjèjì rẹ́.