Bàbá Sámi tó gbọ́ èdè Nọ́wè: ṣé ó ṣì nílò ògbufọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Nọ́ọ̀sì ni mí, ní wọ́ọ̀dù ìlera ọpọlọ kan ní àríwá Nọ́wè. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa, ẹni ọdún 79, ará Sámi, ìyẹn ẹ̀yà onílẹ̀ tó ní èdè tiwọn ní àríwá Nọ́wè, Swídìnì àti Fínlándì. Reindeer, ẹran tó jọ àgbọ̀nrín, ló fi gbogbo ayé rẹ̀ dà. Kò jẹun dáadáa mọ́, kì í sì í sùn. Ohun yòówù kí a bi í, "ó dáa" ló máa fi dáhùn, á wá dákẹ́, á máa wo ojú fèrèsé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ pé bàbá máa ń gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Èdè Nọ́wè yọ̀ mọ́ bàbá lẹ́nu, nítorí náà ọ̀gá mi ní kò sí ìdí láti wá ògbufọ̀. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àfaradà, Nọ́ọ̀sì wa. Ẹ wá ògbufọ̀ fún bàbá. Èèyàn lè fi èdè kan ra ọjà, kó fi bá òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe gbogbo ètò, kó má sì lè fi èdè náà sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bí ọ̀fọ̀ àti àìsùn bá ti wọ̀ ọ́, ọ̀nà tó jìn ni ọ̀rọ̀ ń gbà kó tó dé èdè kejì.

Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ náà. Láti àárín ọ̀rúndún 19 títí di nǹkan bí ọdún 1960 ni ìjọba Nọ́wè fi ń wá bí yóò ṣe sọ àwọn Sámi di ará Nọ́wè pátápátá. Lábẹ́ òfin ọdún 1902, ẹni tí kò bá lè sọ èdè Nọ́wè, kó kà á, kó sì kọ ọ́, kò lè ra ilẹ̀ ìjọba ní Finnmark, agbègbè kan ní àríwá Nọ́wè. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń sùn níbẹ̀, wọ́n sì dí èdè ìyá wọn mọ́ wọn lẹ́nu. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn aṣòfin tọrọ àforíjì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni bàbá yín ti kọ́ èdè tí ẹ fi ń bi í léèrè. "Ó dáa" lè jẹ́ ìdáhùn tí ọmọdé kọ́ láti fún olùkọ́, kí wọ́n lè fi í sílẹ̀.

Bí ọ̀gá yín bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ rán an létí pé òfin Sámi ti ọdún 1987 fún Sámi ní ẹ̀tọ́ láti lo èdè rẹ̀ nídìí ìtọ́jú ìlera ní agbègbè tí òfin náà yà sọ́tọ̀, àti pé òfin ẹ̀tọ́ aláìsàn ní kí a sọ̀rọ̀ fún aláìsàn lọ́nà tó bá èdè àti àṣà rẹ̀ mu.

Kí ẹ tó pe ògbufọ̀, ẹ bi bàbá pé èwo nínú àwọn èdè Sámi ló ń sọ. Sámi ti àríwá ló wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n Sámi ti Lule àti ti gúúsù wà pẹ̀lú, ẹni tó ń sọ ti gúúsù kò sì ní gbọ́ ti àríwá bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ rẹ̀ ṣe ògbufọ̀. Ọmọ á bo ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, bàbá náà ò sì ní sọ lójú ọmọ pé ayé ti sú òun. Kí ọmọ wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ni, ìyẹn sì ṣe pàtàkì púpọ̀. Àwa Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́: ní Arò, l'Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ní kí aláìsàn mú ẹbí kan dání, kí wọ́n jọ máa gbé ní abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ní ti ohùn ìyàwó rẹ̀, ẹ má yára kọ ọ́ sínú fáìlì pé orí rẹ̀ ti ń dàrú. Láàárín ọ̀pọ̀ Sámi, kì í ṣe àìsàn pé kí òkú ẹni sún mọ́ni. Ẹ bi í léèrè: kí ni ìyàwó rẹ̀ ń sọ? Ṣé ó ń tù ú nínú ni àbí ó ń dẹ́rù bà á? Ṣé ó ń pè é pé kó máa bọ̀? Ìdáhùn ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló lè yí ìtọ́jú padà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ yẹ agbára ìrántí rẹ̀ wò, èdè Sámi ni kí wọ́n fi ṣe é. Èdè kejì ló sábà máa ń kọ́kọ́ sá fún àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ ń rẹ̀, ìdánwò èdè Nọ́wè sì lè mú kó dà bíi pé ó burú ju bó ṣe wà lọ.

Nǹkan kan tún wà tí àwa àjèjì máa ń ṣe láìmọ̀. A máa ń fẹ́ fi ọ̀rọ̀ reindeer rẹ̀ ṣí i lẹ́nu, a ó ní, "Bàbá, mélòó lẹ ní?" Ẹ má bi í bẹ́ẹ̀ láé. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ; bí iye reindeer ṣe rí lójú Sámi náà nìyẹn. Ẹ bi í bí koríko ṣe rí lọ́dún yìí. Bí òjò bá rọ̀ sórí yìnyín nígbà òtútù, tó sì dì, yóò bo oúnjẹ ẹran mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ò ní lè wú u jáde, ebi á máa pa wọ́n. Ẹ bi í ẹni tó ń tọ́jú agbo báyìí tí òun wà ní wọ́ọ̀dù. Ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ gan-an ni àìsùn rẹ̀ wà. Bó bá dákẹ́, ẹ jókòó tì í, ẹ má sáré bi í ní ìbéèrè mìíràn.

Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé kí wọ́n pe SANKS, ilé ìtọ́jú ìlera ọpọlọ fún àwọn Sámi, ní ìlú Karasjok. Gbogbo Nọ́wè ni wọ́n ń gbà nímọ̀ràn lórí ìlera ọpọlọ àwọn Sámi, inú wọn ni ètò ti ọdún 2017 fún dídènà ìpara-ẹni láàárín àwọn Sámi ti Nọ́wè, Swídìnì àti Fínlándì sì ti jáde, pẹ̀lú Ìgbìmọ̀ Sámi, ẹgbẹ́ àwọn Sámi láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. Pẹ̀lú gbogbo àmì tí ẹ kà fún mi yìí, kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, bí ògbufọ̀ bá ti wà lórí fóònù, tí ọmọ sì ti bọ́ síta fún ìgbà díẹ̀, ẹ bi bàbá tààrà bóyá ó ti ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀.